Bẹẹrẹ Tí Bàbá Àgbà Pa Ààlè Sí

Ọjọ́ tí a ṣe fídáù Bàbá Àgbà, Àlùfáà gbàdúrà kí Ọlọ́hun yọ ẹrú rẹ̀ Yàkúbù nínú iná. Gbogbo agbo ṣe àmín. Bàbá Ganí, olórí àwọn ọdẹ ìlú wa Kambolé, tí wọ́n ti bá Bàbá Àgbà ṣọ̀rẹ́ ṣọ̀tá láti kékeré, wá ní iná gan-an ló yẹ kí Àlùfáà gbàdúrà fún, pé bí Yàkúbù bá fi lè dé ọ̀hún, iná ọ̀hún kò ní ráyè jó mọ́. Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Ìyá Àgbà wà nínú yàrá pẹ̀lú aṣọ opó lára, a sì gbọ́ tí àwọn náà ń rẹ́rìn-ín. Irú òkú tí a sin nìyẹn. A sunkún, n kò ní purọ́, ojú mi ṣì wú bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ Bàbá Àgbà kó má bọ́ sórí ọ̀rọ̀ iná, ẹni tó bá sì ti bọ́ síbẹ̀, ẹ̀rín ni yóò fi jáde.

Èmi Sàfúrátù, ọmọ ọmọ wọn ni mí, ilé wọn ni mo dàgbà sí. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má já mi lẹ́nu pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe rí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tí wọ́n bí wọn àti gbogbo oko tí wọ́n dá, kó lọ bi àwọn àgbà ìlú. Àwọn àgbà náà kò mọ̀ ọ́n, wọn á kàn máa bá ara wọn jiyàn ni. Ohun tí èmi mọ̀ ni irú ènìyàn tí Bàbá Àgbà ń dà bí ọyẹ́ bá ti dé.

Ọyẹ́ tiwa kì í ṣe eré. Bí àgbàdo bá ti wọlé tí a ń wa iṣu, afẹ́fẹ́ gbígbẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti ìhà ibi tí àwọn Haúsá ti ń wá. Ètè á là, gìgísẹ̀ á sán, ojú ọ̀run á funfun, koríko tó ga ju ènìyàn lọ á gbẹ lórí ìdúró. Iná kékeré tó bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan létí odò lè jẹun dé ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn kí àsìkò ìrun Àláásárì tó tó. Iṣu tí a sì ń wa nígbà náà, inú àká tí a fi igi àti koríko ṣe létí ìlú là ń kó o sí, èyí tí a ó jẹ àti èyí tí a ó gbìn. Ẹni tí àká rẹ̀ bá jó, ọdún méjì ló jó.

Ìyá Àgbà ní igbá òrí kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn. Bí òjò bá ti ń lọ sílé, Bàbá Àgbà á kírun Àsùbáà tán, wọn á ti ìka bọ inú òrí náà. Bí ó bá ṣì rọ̀, wọn á fi pa ẹsẹ̀, wọn á gba oko lọ. Ọjọ́ tí ìka kò bá wọlé mọ́, tí òrí ti dì, a ti mọ̀ pé oko di ọ̀la. Wọn á mú ọ̀pá, wọn á máa lọ láti agboolé dé agboolé. Níbí, wọn á ní kí wọ́n gbé ààrò kúrò lábẹ́ òrùlé. Lọ́hùn-ún, wọn á ní kí wọ́n ro ẹ̀gbẹ́ àká títí ilẹ̀ pupa yóò fi hàn. Ibi tí wọ́n bá dé, wọn á bojú wo inú ìkòkò tó wà lẹ́nu ọ̀nà, bóyá omi ni wọ́n rọ sínú rẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ìyàwó tuntun kan wà ní agboolé kejì sí wa tó fi igbá dé ìkòkò òfìfo, ó rò pé ojú ìtìjú kò ní jẹ́ kí Bàbá ṣí i. Bàbá ṣí i. Wọn kò bínú o. Wọ́n kàn fa àpótí sẹ́bàá ìkòkò náà, wọ́n jókòó, wọ́n ń bá a ṣàwàdà, wọ́n ń béèrè àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ìtìjú fi gbé ọmọ náà lọ sódò. Ìgbà tó rọ omi sínú ìkòkò tán ni wọ́n tó dìde. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, iná kì í bi ènìyàn bóyá ó ti pọnmi kó tó dé." Ìyàwó náà ti dìyá ọlọ́mọ báyìí, ìkòkò ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kì í gbẹ.

Bí ilẹ̀ bá sì ń ṣú, tí a kírun Mọ̀ngàrí tán, wọn á tún yí ìlú ká, wọn á máa wí pé ẹ paná o, ẹ paná. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé Bàbá Ẹ-paná ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Wọ́n gbọ́ ọ, wọn kò sì ka ẹnì kankan sí.

Ohun tí wọ́n kórìíra jù láyé ni ìṣáná. Láti ìgbà tí àwọn Jámánì, òyìnbó tó ń ṣàkóso ilẹ̀ wa, ti jókòó sí Sokodé ni àwọn oníṣòwò ti ń gbé e bọ̀ lọ́dọ̀ wa, nínú páálí kékeré tó ṣe é fi pamọ́ sábẹ́ fìlà. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tí iná rẹ̀ bá kú á mú àpáàdì lọ sílé aládùúgbò, á bu ẹyín iná, gbogbo ojú ni yóò sì rí i bó ti ń gbé e kọjá. Àpáàdì ló tó ko iná lójú, Bàbá Àgbà fẹ́ràn òwe yẹn bí ẹni pé àwọn ni wọ́n pa á. Bí wọ́n bá rí ìṣáná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, inú ìkòkò omi ló ń lọ tààrà. Bàbá mi, Súlè, tó jẹ́ àkọ́bí wọn, gbìyànjú láti ṣàlàyé fún wọn pé nǹkan tuntun náà rọrùn, kì í jẹ́ kí ènìyàn tọrọ iná mọ́. Bàbá Àgbà ní ohun tó burú níbẹ̀ gan-an nìyẹn. "Nígbà àpáàdì, iná ní ẹlẹ́rìí. Ìṣáná dé, iná di olè." Bàbá mi ń kùn wọ inú ilé lọ.

Ẹ wá gbọ́ ti ọ̀nà. Nígbà tí àwọn Jámánì ní kí gbogbo ọkùnrin tó lágbára jáde wá la ọ̀nà tó lọ sí ìlú Tchamba, ìlú le koko. Iṣẹ́ náà pọ̀, kò sí owó níbẹ̀, àwọn sọ́jà sì wà nítòsí tí wọ́n ń wo ọwọ́ ẹni tó ń lọ́ra. Bàbá Àgbà bú Jámánì bí gbogbo ènìyàn ti bú wọn, àfi pé bí wọ́n bá bú wọn tán, wọn á ní ọ̀nà náà dára o, ì bá tiẹ̀ fẹ̀ jù báyìí lọ. Ọkùnrin Kótókólì tó ń darí iṣẹ́ náà láti Sokodé rò pé ẹlẹ́yà ni baba arúgbó yìí ń fi òun ṣe, nítorí pé gbogbo ènìyàn ló ń bẹ̀ ẹ́ kó dín ìwọ̀n iṣẹ́ kù, Bàbá Àgbà nìkan ló ń bẹ̀ ẹ́ kó fi kún un. Àwọn ọkùnrin ìlú fẹ́ẹ̀ lu Bàbá Àgbà lọ́jọ́ náà. Wọ́n bi wọ́n lọ́nà ilé pé kí ló dé. Bàbá Àgbà ní, "Òyìnbó ń la ọ̀nà fún ẹṣin rẹ̀, èmi ń fi ṣe odi iná." Lóòótọ́, láti ọdún náà, iná kò tún gba ìhà ibẹ̀ wọ̀lú mọ́. Bí koríko bá hù lójú ọ̀nà náà, Bàbá Àgbà á lọ ro ó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn.

Ìjà tí wọ́n ń bá Bàbá Ganí jà, ọdọọdún ni. Àṣà wa ni láti sun etí ìlú yípo ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́, nígbà tí orí koríko ti gbẹ ṣùgbọ́n tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù. Ìrọ̀lẹ́ la máa ń ṣe é, tí afẹ́fẹ́ bá ti rọlẹ̀ tí ìrì sì ń bọ̀. Iná náà á máa rìn jẹ́jẹ́, obìnrin lè fi ẹ̀ka ewé tútù pa á. Bí iná ńlá bá wá dé nígbà tí ọyẹ́ bá le, ilẹ̀ dúdú ni yóò bá, kò ní rí nǹkan jẹ, á kú. Ṣùgbọ́n iná ni àwọn ọdẹ máa ń fi lé ọ̀yà jáde, ọ̀yà kì í sì í jáde nínú koríko tó ṣì tutù. Bàbá Ganí á ní kí a dúró díẹ̀ sí i. Bàbá Àgbà á ní kò sí ìdúró kankan. Wọn á bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun, wọn á bá a dé ọ̀nà oko, wọn á tún bá a padà wálé. Ọdún kan, ọ̀rọ̀ náà le débi pé Bàbá Ganí ní Yàkúbù kò fẹ́ kí àwọn ọmọ òun jẹ ẹran. Bàbá Àgbà wò wọ́n, wọ́n fohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ganí, ọbẹ̀ ọ̀yà dùn. Kí la ó fi jẹ ẹ́ bí iṣu bá jóná?" Bàbá Ganí lọ já ẹ̀ka ewé tútù wá. Wọ́n sun etí ìlú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ọdẹ sì pa ọ̀yà lẹ́yìn náà, itan rẹ̀ kan wá sílé wa. Ẹ má bi mí bóyá Bàbá Àgbà jẹ ẹ́.

Mo ti yìn wọ́n tó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òrùlé.

Bẹẹrẹ ni koríko tí a fi ń bo ilé. Bí a bá gé e ní tútù, á jẹrà lórí ilé. Ó gbọ́dọ̀ dúró kí ọyẹ́ gbẹ ẹ́ dáadáa kí dòjé tó kàn án. Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹni tó ń sun etí ìlú ní kùtùkùtù ọyẹ́ kì í ní bẹẹrẹ nítòsí. Àwọn yòókù ń rán ọmọ wọn lọ sọ́nà jíjìn láti lọ gé tiwọn wá. Bàbá Àgbà kì í ráyè, nítorí àsìkò tí àwọn yòókù ń gé bẹẹrẹ náà ni wọ́n ń yẹ ìkòkò omi ẹlòmíràn wò. Bí òrùlé tó burú jù ní Kambolé ṣe jẹ́ ti Bàbá Ẹ-paná nìyẹn. Lọ́dọọdún wọn á fi koríko àlòkù dí ihò, lọ́dọọdún ihò á tún là, Ìyá Àgbà á sì máa gbé igbá káàkiri yàrá.

Ní ìparí òjò ọdún kan, Ìyá Àgbà ń kírun Àláásárì lọ́wọ́. Wọ́n forí kanlẹ̀, omi òrùlé kán sí wọn lẹ́yìn ọrùn. Wọ́n gbórí sókè, ó kán sí wọn nímú. Wọ́n fara balẹ̀ kírun náà parí, wọ́n sálámà sọ́tùn-ún sósì, wọ́n ká ẹní wọn. Wọ́n ní àlùwàlá tí àwọn ṣe lẹ́ẹ̀kan ti tó, kí òrùlé má bá àwọn ṣe òmíràn mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n di ẹrù. Ìyá arúgbó tó ní ọmọ ọmọ di ilémoṣú lójú wa! Ilé àbúrò wọn ọkùnrin ní Tchamba ni wọ́n ń lọ. Bàbá Àgbà rò pé eré ni, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Bàbá Súlè, ọjọ́ tí ẹ bá fi bẹẹrẹ tuntun bo yàrá mi, ẹ rán Sàfúrátù wá pè mí. Kó tó di ọjọ́ náà, ẹ má rán ẹnikẹ́ni." Wọ́n gbé ẹrù rù, wọn kò wẹ̀yìn.

Ẹ̀rín Bàbá Àgbà kò tọ́jọ́. Òrí inú igbá tán, kò sẹ́ni tó bu òmíràn sí i. Èmi ni mo ń se oúnjẹ wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé ọbẹ̀ mi dùn. Láti ọjọ́ tí mo ti ń dáná, wọn kò sọ irú rẹ̀ rí, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Wọn á jókòó síta, wọn á kọjú sí ọ̀nà Tchamba. Bí a bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wò, wọn á ní atẹ́gùn ni.

Nígbà tí àkókò àti sun etí ìlú tó, iná yí ìlú ká bó ti ń ṣe, ó ku ibì kan. Létí odò, láàárín igbó àti àwọn àká iṣu ìlú, bẹẹrẹ kan wà níbẹ̀ tó ga, tó nípọn, tó dára ju gbogbo èyí tí mo tíì rí lọ. Ìhà ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá gan-an ni. A dé ibẹ̀, a bá ọ̀pá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tí wọ́n so koríko ní kókó sí lórí. Ààlè ni. Ohun tí a bá ti pa ààlè sí nílẹ̀ wa ti ní ẹni tó ni ín, kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án àfi ẹni tó pa á. Àlùfáà kan ti wàásù rí pé kò sí ààlè nínú Kùránì. A gbọ́, a ṣe àmín, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan aláàlè.

Bàbá Ganí bi gbogbo wa pé ta ló pa ààlè yìí. Bàbá Àgbà wo ilẹ̀, wọ́n ní àwọn ni.

Ẹ ò rí ayé! Ẹni tó ń sun ti gbogbo ènìyàn dá tara wọn sí. Bàbá Ganí ni wọ́n wá di oníwàásù lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní bẹẹrẹ yìí ni iná yóò fi ṣe afárá dé ìdí iṣu wa. Bàbá Àgbà ní àwọn ti ro ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yípo, iná kò ní lè kọjá. Bàbá Ganí ní ṣé màjàlà iná ń fẹsẹ̀ rìn ni. Bàbá Àgbà tẹ ọ̀pá ààlè náà mọ́lẹ̀ sí i. Gbogbo ìlú ti mọ̀ pé nítorí Ìyá Àgbà ni, wọ́n sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ṣùgbọ́n èmi tí mo wà nínú ilé mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́. Bí bẹẹrẹ yẹn bá dé orí ilé, Ìyá Àgbà á padà wá. Bí bẹẹrẹ náà bá jó, kò sí òmíràn títí di ọdún tó ń bọ̀, Ìyá Àgbà kì í sì í yẹ ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n ti dàgbà, àwọn méjèèjì. Ta ló mọ ẹni tí yóò rí ọdún tó ń bọ̀?

Bẹẹrẹ náà gbẹ, ó pọ́n. Wọ́n dá ọjọ́ gígé rẹ̀ sí ọjọ́ kejì Jímọ̀. Wọ́n ti pọ́n dòjé, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin sì ti ṣèlérí pé àwọn ń bọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ gan-an ni iná dé. A ń jáde ní mọ́ṣáláṣí, aṣọ funfun lára gbogbo ènìyàn, la rí i tí màjàlà dúdú ń bọ́ sára wa. Títí dòní, a kò mọ ẹni tó dáná sí igbó lókè odò. Èéfín ti gba ojú ọ̀run, àwọn àṣá ń já wálẹ̀ gbé kòkòrò tó ń sá fún iná. N kò ní gbàgbé ohun kan: kò sí ẹni tó sáré kiri lásán. Gbogbo wa mọ ààyè wa, nítorí pé ọdọọdún ni Bàbá Àgbà ti ń fi sí wa létí títí ó fi sú wa. Àwọn obìnrin gbé ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà, omi wà nínú gbogbo wọn. Àwọn ọkùnrin já ẹ̀ka tútù, wọ́n gba etí ìlú lọ. Níbi gbogbo tí a ti sun, iná dé ilẹ̀ dúdú, ó wò yíká, ó kú.

Ó ku ìhà odò. Nígbà tí èmi àti àwọn obìnrin gbé omi débẹ̀, àwọn ọkùnrin ti tò sẹ́bàá bẹẹrẹ, wọ́n kàn dúró ni. A ti ń gbọ́ ariwo iná láàárín igbó. Gbogbo wọn mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe: kí a dáná sí bẹẹrẹ láti ìhà àká, kí iná kékeré yìí máa jẹun lọ pàdé iná ńlá kó tó dé. Ṣùgbọ́n ààlè wà lórí ọ̀pá, kò sí ẹni tó lè yọ ọ́. Ojú gbogbo ènìyàn wà lára Bàbá Àgbà.

Bàbá Àgbà ń wo bẹẹrẹ. Atẹ́gùn ń fì í síwá sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé inú wọn ń sọ fún wọn pé bóyá ibi tí àwọn ro yìí á tó, pé ó ku òru kan péré. Àánú wọn ṣe mí débi pé n kò lè wo ojú wọn. Bàbá Ganí sún mọ́ wọn, wọn kò pariwo, wọn kò sì bú wọn. Wọ́n ní, "Yàkúbù, ìwọ lo pa á."

Bàbá Àgbà fa ọ̀pá náà tu.

Wọ́n yíjú, wọ́n béèrè iná. Iná kò sí nítòsí, gbogbo ilé ni a ti pa tiwọn, ẹni tó bá sì fẹ́ lọ bu ẹyín iná wá nínú àpáàdì, iná ńlá á ti jẹun tán kó tó dé. Bàbá Àgbà kọjú sí gbogbo àwọn ọkùnrin náà. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ní ìṣáná lára, kó mú un wá. N kò ní bínú." Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ mira. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi Súlè ṣí fìlà, wọ́n mú páálí kan jáde. Ẹlòmíràn tú ti ìbàdí rẹ̀. Ẹnì kan yọ tirẹ̀ lápò agbádá Jímọ̀. Ládàánì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ìrun tán, mú méjì wá! Bí ìlú ti fẹ́ jó náà, ẹ̀rín fẹ́ pa wá. Bàbá Àgbà wo gbogbo ìṣáná tó wà níwájú wọn, wọ́n mi orí, wọ́n sì mú ti ọmọ wọn. Wọn kò ṣá a rí láyé wọn, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣá ṣẹ́, òmíràn kú. Bàbá mi kọ́ wọn bí wọ́n á ti fi ọwọ́ bò ó.

Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi dáná sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iná náà ń lọ́ra nítorí pé ó ń dojú kọ atẹ́gùn. Àwa obìnrin ń fi ẹ̀ka pa èyí tó bá fẹ́ yíjú padà, a ń da omi sórí àká. Nígbà tí iná méjèèjì pàdé, ariwo ta sókè, ooru rẹ̀ lé wa sẹ́yìn, lẹ́yìn náà kò tún sí nǹkan kan mọ́ àfi ilẹ̀ dúdú. Iṣu ìlú kò jóná. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.

Bàbá Àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Irun ìpéǹpéjú wọn ti jó, aṣọ funfun wọn ti di aṣọ alágbẹ̀dẹ. Bàbá Ganí jókòó tì wọ́n. Bàbá Àgbà ń wo ilẹ̀ dúdú náà. Wọ́n ní, "Mo pa ààlè sí i. Mo gbàgbé pé atẹ́gùn kì í wo ààlè." Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà nìkan ni n kò rí i kí wọ́n yí ìlú ká.

Wọn kò ránṣẹ́ sí Tchamba. Kí ni wọn ì bá ní kí wọ́n wí? Nígbà tí ọjọ́ ọjà Tchamba pé, mo bá àwọn obìnrin gbé àgbàdo lọ, mo sì yà kí Ìyá Àgbà. Mo bá wọn lábẹ́ igi nínú agboolé àbúrò wọn, wọ́n ń pa ẹ̀pà. Ìròyìn ti ṣáájú mi débẹ̀. Wọn kò bi mí léèrè iṣu, wọn kò bi mí léèrè ìlú. Wọ́n bi mí bóyá òótọ́ ni pé Bàbá Àgbà dá bẹẹrẹ kan sí nígbà tí wọ́n ń sun etí ìlú. Mo ní òótọ́ ni. Wọ́n ní ta ló wá dáná sí i. Mo ní àwọn fúnra wọn ni, pẹ̀lú ìṣáná.

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín ìṣáná náà títí omi fi bọ́ lójú wọn, omi náà kò sì dá mọ́. Wọ́n fi etí ìró nu ojú. Wọ́n ní, "Sàfúrátù, Yàkúbù tó ń sun ti gbogbo ayé, ó dá tèmi sí." Wọ́n da ẹ̀pà tó kù sínú igbá, wọ́n dìde, wọ́n lọ di ẹrù wọn. Àbúrò wọn ní kí wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná, ìyẹn nìkan ni wọ́n gbà fún un.

A dé Kambolé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, eruku ọyẹ́ ti sọ wá di funfun. Bàbá Àgbà wà níta, wọ́n kọjú sí ọ̀nà, wọ́n ń wo atẹ́gùn wọn. Wọ́n rí wa, wọ́n dìde, wọn kò mọ ibi tí wọ́n á fi ọwọ́ sí. Wọ́n ní, "Ìyá Súlè, bẹẹrẹ kò sí o. N kò rán ẹnikẹ́ni."

Ìyá Àgbà ní àwọn mọ̀. Wọ́n wo ojú tí kò ní irun ìpéǹpéjú náà dáadáa, wọ́n pa ẹ̀rín mọ́ra, wọ́n wọ yàrá lọ. A tẹ̀ lé wọn. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n gbójú sókè, ojú ọ̀run hàn kedere láti inú ihò òrùlé. Wọ́n tọ́ka sí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní, "Ọyẹ́ la wà yìí, òjò kò sí. Bí òjò bá dé, Bàbá Súlè, ẹ̀yin lẹ ó máa sùn níbí."

Bàbá Àgbà ní àwọn gbà.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, wọ́n gbé ẹní wọn lọ síbẹ̀, omi pa wọ́n, wọn kò ráhùn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Bàbá Ganí kó àwọn ọmọkùnrin ìlú lọ sọ́nà jíjìn, wọ́n gé bẹẹrẹ wá, wọ́n fi bo yàrá náà dáadáa, kò sì jò mọ́. Ìyá Àgbà ní kí Bàbá Àgbà gbé ẹní wọn padà sí ààyè rẹ̀. Wọ́n ní ó ti mọ́ àwọn lára. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn láti ìgbà náà, ibẹ̀ náà la sì ti gbé wọn lọ sin.